Irin pọ̀, ẹrù ò sí: ìdáhùn fún àbúrò tó bèèrè nípa Pacific Rim Uprising

Àbúrò kan kọ̀wé sí mi láti Ìsánlú. Ọ̀rọ̀ ẹ̀ gùn, mo gé e kúrú kí gbogbo wa lè jọ mọ ohun tó bèèrè:

“Ẹ̀gbọ́n, òkun o. Ẹ jọ̀ọ́, nǹkan kan ń jẹ mí lọ́kàn. Sẹ́kọ́ńdìrì ni mo ṣì wà nígbà tí bọ̀dá mi mú Pacific Rim wálé nínú fláàṣì, àwa mẹ́sàn-án la fún ara wa mọ́ iwájú tẹlifíṣọ̀n kan, jẹnẹrétọ̀ kú lẹ́ẹ̀mejì, ẹnì kan ò dìde. Nígbà tí mo wá gbọ́ pé apá kejì ti jáde, pé Boyega tiwa ni áktọ̀ ibẹ̀, mo ra dátà, mo dáńlódù ẹ̀. Róbọ́ọ̀tì inú ẹ̀ pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ọ̀sán gangan ni wọ́n ń jà, gbogbo ẹ̀ ń hàn kedere, kì í ṣe inú òjò àti òkùnkùn bíi ti ìjọsí. Àmọ́ kó tó dé àárín mo ti ń tẹ fóònù. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Boyega ló bà á jẹ́, èkejì ní owó ni ò tó. Ṣé èmi ni mo dàgbà ni àbí nǹkan ṣe fíìmù yẹn lóòótọ́?”

Òkun o, àbúrò mi. Kì í ṣe pé o dàgbà. Nǹkan ṣe fíìmù yẹn, ojú ẹ rí i, orúkọ tí wàá pè é ni o ò mọ̀. Iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní Kàbà níbí ni kí n máa gé fíìmù kí n sì máa fi kọ̀ǹpútà ṣe àwòrán tó ń rìn, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá báyìí, mi ò sì mọye ìgbà tí mo ti ṣe nǹkan jáde tó tóbi lójú àmọ́ tó fúyẹ́ bíi páálí, torí náà ohun tó o bèèrè yìí, inú ọgbẹ́ èmi fúnra mi lo tẹ̀. Jẹ́ n fara balẹ̀ dá ẹ lóhùn, tó bá gùn, má bínú.

Ká kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ owó kúrò nílẹ̀ torí òun ló yá jù. Pacific Rim àkọ́kọ́, níbi tí àwọn róbọ́ọ̀tì gàgàrà tí èèyàn ń wà ti ń bá ẹranko abàmì jà, jáde lọ́dún 2013, Guillermo del Toro ló darí ẹ̀, owó tí wọ́n ná sí i tó bíi mílíọ̀nù 190 dọ́là. Èkejì jáde lóṣù kẹta ọdún 2018, ohun tí wọ́n ròyìn pé wọ́n ná sí i wà láàárín mílíọ̀nù 150 sí 176. Ó dín díẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ta ló máa jókòó lórí mílíọ̀nù 150 dọ́là tó máa láyà láti sọ pé owó ò tó? Èmi tí mo ti rí fíìmù tí wọ́n fi owó mọ́tò Kàbà sí Abújá ṣe, tó sì pa mí lẹ́kún! Owó tó padà wọlé ló yẹ kí ọ̀rẹ́ ẹ wò. Àkọ́kọ́ pa ohun tó lé ní mílíọ̀nù 400 kárí ayé, èkejì pa bíi 290. Ní Amẹ́ríkà nìkan, àkọ́kọ́ pa bíi mílíọ̀nù 101, èkejì ò pé 60. Gbogbo owó yẹn kọ́ ló sì ń wọ àpò ẹni tó ṣe fíìmù o, ilé sinimá máa ń mú bí ìdajì, wọ́n á tún yọ owó ìpolówó, èyí tó bá ṣẹ́ kù ni wọ́n ń pín. Òótọ́ ni pé òun ló lé Black Panther kúrò nípò kìíní ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, àmọ́ ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ló fi jókòó síbẹ̀. Wọ́n yà wò ó, wọn ò padà.

Ó dáa, fi fíìmù sílẹ̀ ná. O mọ ọ̀nà Kàbà sí Ọbájànà, o sì mọ tírélà sìmẹ́ǹtì. Èyí tó rù ú kún, o ò tíì rí i o ti mọ̀ pé ó ń bọ̀. Tó o bá jókòó ní búkà etí títì, omi inú kọ́ọ̀pù iwájú ẹ ló máa kọ́kọ́ sọ fún ẹ, á máa mì wìrìwìrì, lẹ́yìn náà lo máa gbọ́ ẹ́ńjìnnì tó ń kérora, tó bá dé ẹsẹ̀ òkè dẹ́rẹ́bà á já jíà sílẹ̀, á máa gùn ún díẹ̀díẹ̀ bí àgbàlagbà tó ń gun àtẹ̀gùn, tó bá sì fẹ́ dúró kì í dúró lójú ẹsẹ̀, ó ti gbọ́dọ̀ máa rò ó láti ọ̀ọ́kán. Èyí tó sòfo ńkọ́? Fìrì ló kọjá. Bọ́dì ẹ̀ ń dún gbàǹgàn-gbàǹgàn, ó ń fò lórí gálọ́ọ̀pù bí ewúrẹ́. Irin kan náà ni méjèèjì, táyà wọn ò yàtọ̀, ọ̀dà kan náà ni wọ́n fi kùn wọ́n. Ọ̀kan ru ẹrù, ọ̀kan ò ru nǹkan kan.

Tírélà tó rù ni del Toro wà wá bá wa lọ́dún 2013. Èyí tó dé ní 2018, wọ́n ti já ẹrù ẹ̀, wọ́n wá fọ̀ ọ́, wọ́n kùn ún lọ́dà tuntun, wọ́n tún fi mẹ́rin tàbí márùn-ún kún un. Ohun tó ṣe fíìmù yẹn nìyẹn.

Jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí ẹrù tí ojú ń rí. O bá mi sọ pé nínú èkejì ọ̀sán gangan ni wọ́n ń jà, gbogbo ẹ̀ ń hàn kedere, o sọ ọ́ bíi pé èrè ni. Àbúrò, èrò tiwọn náà nìyẹn. Wọ́n rò pé òjò àti òkùnkùn ń dí wa lójú ni, àwọn kan tiẹ̀ ti ń ráhùn pé bóyá torí kí wọ́n má bàa rí àléébù iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni del Toro ṣe ń kó wọn sínú omi, wọ́n wá ní ó yá, ẹ jẹ́ ká gbé wọn sínú oòrùn. Wọn ò mọ̀ pé òjò yẹn ló ń bá wa wọn róbọ́ọ̀tì náà. Gipsy Danger, Jaeger tí áktọ̀ ń wà nínú ti àkọ́kọ́ (Jaeger yẹn, ọdẹ ni ìtumọ̀ ẹ̀ lédè Jámánì), bíi mítà 79 ni gíga ẹ̀. Tí omi bá já láti orí ohun tó ga tó bẹ́ẹ̀, ó máa tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́rin kó tó kanlẹ̀. Kà á wò: ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin. Omi tó já láti èjìká èmi àti ìwọ, o ò tíì pe ení tán tó ti kanlẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò kọ́ wa ní ìṣirò yìí, àmọ́ ojú wa ti mọ̀ ọ́n láti ìgbà tí a ti ń wo òjò tó ń ṣàn bọ̀ látorí àpáta, tí òjò bá wá ń ṣàn lára irin yẹn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, tó ń pẹ́ kó tó bọ́ sílẹ̀, ọpọlọ ẹ á gbà láìjanpata pé hàà, nǹkan yìí mà ga o. Yọ òjò kúrò, kó o dá a dúró sínú oòrùn láàárín àwọn ilé gíláàsì tó mọ́ tónítóní, kí lojú fẹ́ fi wọ̀n ọ́n? Ó kàn máa dà bí ọkùnrin tó wọ aṣọ róbọ́ọ̀tì ni.

Kámẹ́rà náà tún wà níbẹ̀. Del Toro ní kí wọ́n máa gbé kámẹ́rà sí ibi tí èèyàn lè dúró sí ya àwòrán, bíi kí èèyàn wà nínú hẹlikọ́pítà, tàbí lórí ọkọ̀ ojú omi, tàbí kó dúró ní ìgboro kó máa gbójú sókè. Omi tiẹ̀ ń ta sí ojú gíláàsì kámẹ́rà, bẹ́ẹ̀ inú kọ̀ǹpútà ni gbogbo ẹ̀ ti wáyé, kò sí omi kankan! Ìgbà míì apá tàbí ẹsẹ̀ nìkan la ń rí torí nǹkan náà ò wọ inú fọ́tò tán. Nínú èkejì, kámẹ́rà ń fò yí wọn ká bíi kòkòrò, ó ń kọjá lábẹ́ abíyá wọn, ó ń bá wọn sáré, ohun tó o bá sì lè yí po bẹ́ẹ̀ yẹn, kékeré ni ojú máa kà á sí.

Rántí ìjà Hong Kong. Nígbà tí Gipsy ń bọ̀ wá bá Kaiju yẹn (èdè Japan nìyẹn, àwọn ẹranko abàmì tó ń tinú òkun jáde), ó gbé ọkọ̀ ojú omi ńlá kan lọ́wọ́, ó ń wọ́ ọ nílẹ̀ láàárín ìgboro bí ẹni wọ́ igi ìdáná bọ̀ láti oko. Èèyàn máa ń rántí ìgbà tó fi là á mọ́ Kaiju lórí, àmọ́ wíwọ́ yẹn ló jẹ́ kí lílà náà dùn wá, torí a ti rí i pé ó wúwo kó tó gbé e sókè. Lẹ́yìn náà, nínú ìjà yẹn kan náà, ọwọ́ irin yẹn tàsé, ó wọ inú ilé ọ́fíìsì, ó ń wó ògiri, ó ń kó tábìlì lọ, ó wá dé ibi tábìlì kan, agbára ẹ̀ sì tán síbẹ̀, ó kàn tó bín-ín-tín láti fọwọ́ kan àwọn bọ́ọ̀lù irin kékeré tí wọ́n máa ń so sórí tábìlì ọ̀gá, àwọn tó máa ń gbá ara wọn. Ó ń dún tí-tí-tí-tí. Mo ti wo ibi yẹn ju ogún ìgbà lọ, ó sì máa ń pa mí lẹ́rìn-ín títí dòní. Ẹni tó ro ìyẹn, ó mọ̀ pé o ò lè mọ bí erin ṣe tóbi tó àfi tí èèrà bá dúró tì í.

Èkejì ò ní èèrà. Ó ní Saber Athena, ó ní Bracer Phoenix, ó ní Guardian Bravo, ó ní Titan Redeemer, orúkọ tó dùn lẹ́nu gan-an, gbogbo wọn ń fò, wọ́n ń yí gbirigbiri, Saber Athena tiẹ̀ ń sáré bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tó fẹ́ tètè padà wá wo bọ́ọ̀lù. Gipsy Avenger tún ní ohun kan lọ́wọ́ tó fi ń fa mọ́tò àti ilé mọ́ra, ó ń fi sọ̀kò. Ilé odindi! Ó fà á tu bí ẹ̀pà, ó sì tán. Kì í ṣe ẹjọ́ àwọn tó jókòó ti kọ̀ǹpútà o, ẹ má gbọ́ mi sódì. Industrial Light & Magic ló ṣe àwòrán àkọ́kọ́, DNEG ló ṣe púpọ̀ nínú ti èkejì, àwọn DNEG yẹn kì í ṣe ọmọdé, Oscar tó wà lọ́wọ́ wọn fún iṣẹ́ àwòrán kì í ṣe ẹyọ kan. Èmi tí mò ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ pé ohun tí ọ̀gá bá ní kó yára, wàá mú un yára, tó bá ní ṣe ló dà bíi pé ó ń falẹ̀, wàá tún gé e, títí ẹrù gbogbo á fi já sílẹ̀ tán.

Àmọ́ ká tiẹ̀ ní wọ́n da òjò padà, ká ní wọ́n ní kí gbogbo wọn máa rìn bí ohun tó wúwo, mi ò rò pé ìyẹn nìkan máa yọ fíìmù náà. Ẹrù kejì wà tí ojú ò rí, òun gan-an ló ṣe ẹ tó o fi ń tẹ fóònù.

Gbogbo wa la dàgbà mọ òfin yẹn, áktọ̀ kì í kú. Bẹ́ẹ̀ náà ni, áktọ̀ ò kú nínú Pacific Rim àkọ́kọ́, àmọ́ ẹ wo ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ẹ̀ kí fíìmù tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Raleigh àti ẹ̀gbọ́n ẹ̀ Yancy ló jọ ń wa Gipsy, torí èèyàn méjì ló gbọ́dọ̀ wà á, wọ́n á so ọpọlọ àwọn méjèèjì pọ̀, ohun tí ọ̀kan ń rò èkejì ń rò ó, ohun tó ń dun ọ̀kan ń dun èkejì. Kaiju wá fa Yancy yọ nínú ẹ̀ nígbà tí ọpọlọ wọn ṣì so pọ̀. Ìyẹn ni pé Raleigh wà nínú orí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ bó ṣe ń kú. Ó dá irin náà wà dé etíkun, bàbá arúgbó kan àti ọmọdékùnrin kan ń wá nǹkan nínú yìnyín níbẹ̀, ni irin gíga yẹn bá yọ láti inú kùrukùru, ó kúnlẹ̀, ó dojú bolẹ̀, ọmọkùnrin náà wá jáde nínú ẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára ẹ̀, ó ń pe orúkọ ẹ̀gbọ́n ẹ̀. Àwa ọmọ Yorùbá ò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé ìyẹn fún wa. Láti ìṣẹ́jú yẹn lọ, ìgbà yòówù tí ẹnì kan bá fẹ́ wọ inú Jaeger, àyà ẹ á já, torí o ti mọ ohun tó ń gbà lọ́wọ́ èèyàn. Stacker Pentecost, ọ̀gá wọn, ń ṣàìsàn torí pé ó wa àwọn ti ayé àtijọ́ tí wọn ò fi nǹkan dí májèlé inú ẹ̀. Mako, ọmọbìnrin tí Pentecost tọ́ dàgbà, nígbà tó kọ́kọ́ so ọpọlọ pọ̀ mọ́ Raleigh, inú ọjọ́ tí wọ́n pa ìdílé ẹ̀ ló kó sí, ọmọ kékeré nínú kóòtù búlúù, bàtà pupa kan lọ́wọ́, ó ń sunkún láàárín ìgboro tó ti dahoro, díẹ̀ ló kù kó yin ìbọn irin yẹn lu gbogbo ilé. Ẹrù wúwo gbáà.

Ẹ wá wo èkejì. Àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ ni wọ́n kó wọnú ẹ̀ nígbà tí nǹkan le, wọn ò ì tíì gba ìwé-ẹ̀rí, wọ́n sì wà á bí ẹni wa ọ̀kadà. Amara, ọmọbìnrin tó fi ọwọ́ ara ẹ̀ ṣe Jaeger kékeré, mo fẹ́ràn ẹ̀ gan-an, òun náà ti sọ ìdílé ẹ̀ nù sọ́wọ́ Kaiju, wọ́n fi hàn wá, wọ́n kọjá. Mako náà wà níbẹ̀, ó ti di èèyàn pàtàkì, ó wọlé, ó bá Jake (Boyega nìyẹn) sọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n gbé e sínú hẹlikọ́pítà ní Sydney, hẹlikọ́pítà já, ó kú. Ó parí. Jake, tí í ṣe àbúrò ẹ̀ torí bàbá kan náà ló tọ́ àwọn méjèèjì, banú jẹ́ fún bí ìṣẹ́jú mélòó kan, ìjà tún bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tó mú bàtà pupa lọ́wọ́ yẹn! Ní Bùnú tiwa níbí, aṣọ ìpò pupa tí wọ́n ń hun fún òkú ọlọ́lá, kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan, ìyẹn ni pé kí ẹni náà tó wọlẹ̀, ọwọ́ ti ṣiṣẹ́ lé e lórí, okùn ti wọ okùn. Àwọn tó kọ fíìmù yìí ò hun nǹkan kan fún Mako. Wọ́n kàn nílò kí inú bí áktọ̀ ni. Raleigh ní tiẹ̀, a ò tiẹ̀ rí i rárá.

Ohun tó wá dùn mí jù nìyí, bóyá ìwọ ò kíyè sí i. Àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ nínú yìnyín, pẹ̀lú ọmọkùnrin tó ń ṣẹ̀jẹ̀. Èkejì parí nínú yìnyín, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè Fuji, lẹ́yìn tí wọ́n ti já Jaeger odindi látojú ọ̀run lu ẹranko tó tóbi jù, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti kú, Jake àti Amara wá ń ju yìnyín lu ara wọn, wọ́n ń ṣeré. Mi ò ní kí wọ́n má ṣeré o, àmọ́ ta ló ń sin òkú?

Síbẹ̀ ibì kan wà tí wọ́n ti ru ẹrù, tí mo bá sì fò ó, mo ti rẹ́ wọn jẹ. Newt, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó lẹ́nu lójú nínú ti àkọ́kọ́, ó so ọpọlọ ara ẹ̀ pọ̀ mọ́ ti Kaiju láti lè jí àṣírí wọn, a pàtẹ́wọ́ fún un, ayé là, a gbàgbé. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn náà, èkejì ní rárá o, àwọn náà wọ inú tiẹ̀ wá, wọn ò sì jáde. Ó wá ní ọpọlọ Kaiju kan nílé, ó sọ ọ́ lórúkọ, Alice, ó ń so ara ẹ̀ mọ́ ọn lálaalẹ́ bí ẹni tí igbó ti di bárakú fún. Òun ló wá di ọ̀tá. Nígbà tí ìyẹn já sí mi, mo pa fíìmù náà dúró, mo rìn yí pálọ̀ ká. Gbèsè tó jẹ nínú ti àkọ́kọ́ ló wá ń san nínú èkejì! Ohun tí apá kejì wà fún gan-an nìyẹn, kó wá gba owó tí apá kìíní jẹ. Àti Hermann, ọ̀rẹ́ ẹ̀ tí wọ́n jọ máa ń ta kora, bó ṣe ń wò ó nígbà tó mọ̀. Wọ́n ní wúrà lọ́wọ́, wọ́n lò ó fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú, wọ́n sáré padà sídìí irin.

Ọ̀rọ̀ Boyega wá kù. Sọ fún ọ̀rẹ́ ẹ kó rọra. John Adedayo Bamidele Adegboyega lorúkọ ọmọ yẹn, London ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1992, ọmọ Nàìjíríà làwọn òbí ẹ̀, ẹ ò rí Bámidélé tí wọ́n fún un, ẹni tó bímọ sídàálẹ̀ tó ń ronú ilé ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé wọ́n kàn gbà á síṣẹ́ nínú fíìmù yìí, òun náà wà lára àwọn tó gbé e jáde. Òun ló dáa jù níbẹ̀ lójú tèmi. Ìbẹ̀rẹ̀ yẹn, tó ń gbé nínú ilé olówó tó ti wó ìdajì, tó ń jí ẹ̀yà ara Jaeger tà, tó ń fi nǹkan ṣe pàṣípààrọ̀ ata àti ìpápánu, ó dùn, ẹni gidi ni, mo lè bá irú ẹ̀ pàdé ní gáréèjì Lọ́kọ́ja. Ọmọ Pentecost ni wọ́n ní ó jẹ́, ọmọ akọni tó kú kí ayé lè là. A mọ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ láàárín wa, ibi tó bá wọ̀ wọ́n á ní ṣé ọmọ lágbájá kọ́ nìyí, kò lè ṣe àṣìṣe bíi ti ọmọ ẹlòmíì. Ẹrù ńlá nìyẹn, wọ́n sì ti gbé e ka orí ẹ̀ tán, àmọ́ ṣe ni wọ́n ń fẹnu sọ ọ́ fún wa, ‘bàbá mi báyìí, bàbá mi bọ̀ún’, wọn ò jẹ́ ká rí i kí ọrùn ẹ̀ tẹ̀ lábẹ́ ẹ̀. Dẹ́rẹ́bà tó dáa ni Boyega, tírélà òfìfo ni wọ́n fún un wà.

Ta ló wá já ẹrù náà? Mi ò rí ọ̀daràn kan pàtó. Del Toro fúnra ẹ̀ fẹ́ darí èkejì, iṣẹ́ náà ń falẹ̀, ó ń sún síwájú, iléeṣẹ́ Legendary tó ni ín bọ́ sọ́wọ́ Wanda ti Ṣáínà ní 2016, bíi bílíọ̀nù mẹ́ta ààbọ̀ dọ́là, kí gbogbo ìyẹn tó yanjú del Toro ti bá tiẹ̀ lọ, ó lọ ṣe The Shape of Water, ó kàn fi orúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn tó gbé èkejì jáde. Ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta 2018 ni fíìmù yẹn gba Oscar tó ga jù, òun náà gba ti olùdarí. Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù yẹn kan náà ni Uprising jáde. Ìtìjú wo ló tún ju ìyẹn lọ! Steven S. DeKnight tí wọ́n wá gbé e fún, iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ló ti ń ṣe bọ̀, Spartacus, Daredevil, ó mọ̀ ọ́n ṣe níbẹ̀, àmọ́ fíìmù ńlá àkọ́kọ́ tó máa darí nìyí, èèyàn mẹ́rin ló sì wà lórúkọ pé àwọn ló kọ ọ́. Ọjà Ṣáínà tún wà lójú wọn, kò sì burú, torí àkọ́kọ́ pa owó níbẹ̀ ju Amẹ́ríkà lọ. Iye èèyàn tó ń fọwọ́ kan ọbẹ̀ náà ti pọ̀ jù, ohun tí gbogbo wọn sì lè fohùn ṣọ̀kan lé lórí ni ohun tó hàn sójú: irin ńlá, ẹranko ńlá. Ohun tí ò hàn ò ní agbẹjọ́rò ní yàrá ìpàdé.

Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tún sọ fún ẹ pé bí apá kejì ṣe máa ń rí nìyẹn. Àwa tiẹ̀ ti bàjẹ́ díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí torí fíìmù Yorùbá ìgbà kásẹ́ẹ̀tì, ‘ẹ máa retí apá kejì’, ìtàn kan náà ni wọ́n fọ̀bẹ là sí méjì kí wọ́n lè tà á lẹ́ẹ̀mejì, torí náà a kì í bèèrè pé kí ni apá kejì fẹ́ sọ. Àmọ́ wo Terminator. Àkọ́kọ́ jáde ní 1984, èkejì ní 1991, James Cameron ló ṣe méjèèjì, owó èkejì sì fi ìlọ́po ìlọ́po ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ibo la ti bá Sarah Connor, obìnrin tí róbọ́ọ̀tì ń lépa nínú ti àkọ́kọ́, ní èkejì? Ilé àwọn tí orí wọn dà rú! Wọ́n tì í mọ́bẹ̀ torí pé ó sọ ohun tójú ẹ̀ rí nínú ti àkọ́kọ́, kò sẹ́ni tó gbà á gbọ́, wọ́n sì gba ọmọ lọ́wọ́ ẹ̀. Iná àti irin ibẹ̀ ò kéré, àmọ́ gbogbo ẹ̀, orí ẹrù yẹn ni wọ́n kó o lé.

Tó o bá fẹ́ dán ohun tí mo sọ wò, ṣe báyìí. Wá méjèèjì, pa ohùn ẹ̀ pátápátá, má wo ojú ẹnikẹ́ni, ẹsẹ̀ àwọn Jaeger nìkan ni kó o máa wò. Tí ẹsẹ̀ kan bá gbéra nílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í kà títí á fi padà kanlẹ̀, kó o sì wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀ ibi tó bá balẹ̀ sí, ṣé ó mì, ṣé ọ̀dà títì là, ṣé omi fò sókè, àbí kò ṣe nǹkan kan. Kọ ọ́ sílẹ̀ kó o fi ránṣẹ́ sí mi, mo fẹ́ rí i. Kó o sì bá mi kí bọ̀dá ẹ gan-an, tí fláàṣì yẹn bá ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, kó má pa nǹkan inú ẹ̀ rẹ́, èyí tó wà lọ́wọ́ tèmi ti bàjẹ́ láti èṣí.